Imú ọmọ tí kì í gbẹ: ṣé ooru omi gbígbóná ló máa wò ó, àbí omi iyọ̀?

Bí ọyẹ́ bá ti dé sórí òkè Ìmẹ̀sí-Ilé, etí ni ènìyàn fi ń kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ tibí ń sín, ti ọ̀hún ń wúkọ́, èyí tó wà lẹ́yìn ìyá aláta ń fi imú fọn bí ẹni fọn fèrè. Ìyá rẹ̀ á na ọwọ́ sẹ́yìn, á fi etí ìró nu ún, á sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ. "Eyín ló ń hù," ni ẹnìkan á wí. "Ọ̀fìnkìn lásán ni, ó máa lọ," ni ẹnìkejì á dá a lóhùn. Lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà ó ń lọ. Ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ le koko lè mú ọ̀fìnkìn bí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́dún kan, kò sì sí aburú níbẹ̀. Bí ara ṣe ń kọ́ ìjà nìyẹn.

Èyí tí kì í lọ ló ń da orí ìyá rú. Oṣù kan, oṣù méjì, ó di oṣù mẹ́ta, imú ọmọ kò gbẹ. Ó ń hanrun lóru bí àgbàlagbà tó mu ẹmu yó. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń rùn, wọ́n á ní kò fọ ẹnu ni. Nílé-ìwé, tíṣà á ní olórí kunkun ni, pé bí wọ́n pè é kì í dáhùn, bẹ́ẹ̀ sì ni etí ọmọ ọlọ́mọ ló ti bá imú dí. Owó tí ìyá rẹ̀ ti kó fún oníkẹ́míìsì lórí imú kan ṣoṣo yìí, bó bá kó o jọ, á tó ra àpò gààrí.

YÀRÁ INÚ EGUNGUN

Imú kì í ṣe ihò méjì tí ojú ń rí níta yìí nìkan. Nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, láàrin ojú méjèèjì, àti níwájú orí, ihò òfìfo wà níbẹ̀ bíi yàrá kéékèèké tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sínú imú. Sáínọ́ọ̀sì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Wọ́n bí ọmọ tuntun mọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti àárín ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kéré gan-an; èyí tó wà níwájú orí kì í ṣe nǹkan gidi títí ọmọ á fi tó bí ọdún mẹ́fà, méje. Omi yíyọ̀ ń sun nínú àwọn yàrá yìí lójoojúmọ́, irun tín-ín-tín tí ojú kò lè rí a sì máa gbá a síta, bí ẹni ń gbálẹ̀ àgbàlá. Ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn bá mú kí ẹnu ọ̀nà wú, tó sì dí, omi náà á há sínú, á ki, á di ọyún. Bí irú èyí bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjìlá tí kò lọ, dókítà á ní ó ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Fún ọmọdé, ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti yàrá wọ̀nyí nìkan. Ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn imú, lókè ọ̀fun, tó ń ṣe bí ọdẹ aṣọ́nà. Bí ọdẹ yìí bá sanra jù, á dí ojú ọ̀nà pa, kòkòrò àìsàn á sì fi í ṣe ibùba. Òun gan-an ló sábà máa ń mú ọmọ hanrun tàbí fi ẹnu mí. Ti ọmọ mìíràn, èéfín àti eruku ni kò bá ara rẹ̀ mu.

ÌMẸ̀SÍ-ILÉ ÀTI DÓKÍTÀ MORLEY

Tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìtọ́jú ọmọdé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn àgbà mọ ìlú náà mọ́ ìtàn Ogun Kírìjì. Àwọn dókítà ọmọdé kárí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ nǹkan mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ìbẹ̀ gan-an kò gbọ́ rí.

Ní 1956 ni dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Láti 1957, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọn ò dúró de ọmọ tó ń kú lọ ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀lé wọn láti ìbí títí di ọdún márùn-ún: kí ló ń ṣe wọ́n, kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni ìwọ̀n wọn. Níbẹ̀ ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti bọ́ sí gbangba, èyí tí wọ́n sọ ní Ọ̀nà Ìlera. Ìlà méjì ló wà lórí rẹ̀. Bí àmì ìwọ̀n ọmọ bá ń gòkè láàrin wọn, ọmọ ń dàgbà nìyẹn. Bó bá dúró sójú kan tàbí tó ń wálẹ̀, nǹkan ń ṣe é, kódà bí kò tíì sunkún. Ìyá ló sì ń mú káàdì yẹn lọ sílé nínú àpò ọ̀rá, kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ń tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Àwọn ìyá tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ìwé kà tọ́jú rẹ̀ ju bí akọ̀wé ṣe ń tọ́jú fáìlì lọ. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ilẹ̀ òkèèrè.

Èèyí tún wà níbẹ̀ tó ń pa ọmọ nígbà náà bí ẹni ń pa adìyẹ. Morley àti àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì, Samuel Katz àti Saul Krugman, dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyí wò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1962. Ní 1982 ni wọ́n fún Morley ní ẹ̀bùn Ọba Faisal ti ilẹ̀ Saudi Arabia lórí iṣẹ́ ìlera rẹ̀. Ó kú ní 2009.

Kí ni gbogbo èyí kan kátà? Ó kàn án dáadáa. Ọmọ méjì lè wà lójúlé kan tí imú àwọn méjèèjì ń ṣàn. Èkíní ń jẹun, ń ṣeré, ìwọ̀n rẹ̀ ń gòkè. Ìyọnu ni imú tirẹ̀, kì í ṣe ewu. Èkejì kò lè mu ọmú tàbí jẹun tẹ́rùn nítorí pé imú dí, kò sùn, ìwọ̀n rẹ̀ ti dúró fún oṣù méjì. Ti èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ó máa lọ" mọ́. Ojú lásán kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, káàdì ló lè ṣe é.

ÌKÒKÒ LÁBẸ́ AṢỌ

Nílẹ̀ wa, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà mọ̀ fún imú tó dí ni ooru. Wọ́n á se ewé gúáfà, ewé efinrin àti koríko ọba, nígbà mìíràn wọ́n á tún fi rọ́ọ̀bù sí i, wọ́n á gbé ìkòkò kalẹ̀ bó ṣe ń ho, wọ́n á ní kí ọmọ tẹrí ba, wọ́n á da aṣọ bò ó. Àgbàlagbà tó ṣe é á ní ara òun fúyẹ́. Kò purọ́, ooru máa ń jẹ́ kí imú là fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bá na, ìkòkò ti dojú dé, omi gbígbóná ti wà lójú, láyà àti lórí itan. Ní 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń fa ooru nítorí Kòrónà, ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn pé àwọn ọmọ tí omi ooru jó, tí wọ́n gbé wá bá àwọn, ti pọ̀ ní ìlọ́po ọgbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Birmingham nìyẹn o, níbi tí wọ́n ti ń gbé omi sórí tábìlì. Ìkòkò tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Àǹfààní rẹ̀ gan-an kò tó bí ariwo rẹ̀ ṣe tó. Ní 2016, Paul Little àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 871 tí sáínọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń yọ lẹ́nu, àgbàlagbà ni wọ́n. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fa ooru, kí àwọn kan máa fi omi iyọ̀ fọ imú. Àwọn olómi iyọ̀ rí ìrọ̀rùn díẹ̀. Ti àwọn olóoru, ẹ̀fọ́rí wọn dín, ṣùgbọ́n imú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn.

Ti rọ́ọ̀bù àti káńfọ̀ tún wà níbẹ̀. Láàrin àwa Yorùbá, bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ tí nǹkan kan ṣaláìsí nínú rẹ̀, G6PD ni wọ́n ń pè é. Bí ìkókó tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ń fa òórùn káńfọ̀ inú àpótí aṣọ, tàbí tí wọ́n ń fi ìpara olóòórùn líle pa á lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin adìyẹ, ibà pọ́njú pọ́ntọ̀ tó le sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdí tàbí epo tí àwọn kan ń kán sí imú ọmọ: ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ń bàjẹ́ sí.

OMI ÌTÁLÌ, OMI ÌKÓGÒSÌ

Òyìnbó náà ń fa ooru, ṣùgbọ́n tiwọn ní ètò. Ní Sirmione, létí adágún Garda ní Ítálì, omi kan ń tú jáde nílẹ̀ tó gbóná tó 69 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó kún fún imí-ọjọ́ àti iyọ̀. Àwọn ọmọ tí kátà kò fi sílẹ̀ á jókòó síwájú ẹ̀rọ, wọ́n á fi ìbòmú sí imú, ẹ̀rọ á sọ omi náà di ìkùukùu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa fà á. Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n ń ṣe é, ìjọba sì ń bá wọn san owó rẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, ìlú La Bourboule ti pẹ́ tó ti ń gba àwọn ọmọ tí imú àti àyà ń dà láàmú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Omi tibẹ̀ ní àsẹ́níìkì díẹ̀ nínú, májèlé yẹn náà ni! Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń wọn ìwọ̀n tí ọmọ ń gbà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Àwọn ìwádìí kan ní imú àwọn ọmọ náà là, ikun wọn dín. Àwọn ìwádìí ọ̀hún kéré, kò sì rọrùn láti mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ imí-ọjọ́, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ iyọ̀, àti èyí tó jẹ́ pé ọmọ kàn sinmi kúrò nínú èéfín ìlú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní ó ń ran ìwòsàn lọ́wọ́ ni, kò lè dípò rẹ̀.

Ní báyìí, ẹnìkan á ní, ṣebí àwa náà ní tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, téèyàn bá kọjá Erin níbi tí omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta, tó gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìkógòsì-Èkìtì kò jìnnà mọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń sun níbẹ̀, omi tútù ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á pàdé, wọ́n á jọ máa ṣàn lọ. Àwọn tó ń polówó ibẹ̀ a máa sọ pé ó gbóná tó 70. Àwọn onímọ̀ òkúta tó wọ̀n ọ́n bá a ní nǹkan bí 37 tàbí 38, bí ara ènìyàn tó ní ibà díẹ̀. Òjò ló wọ inú sáré àpáta, tó lọ sísàlẹ̀ jìnnàjìnnà níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, tó tún gòkè padà. Iyọ̀ àti òkúta tó yọ́ sínú rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, bó ti lẹ́wà tó, tó sì dára fún ìgbafẹ́, kò bá omi Ítálì dọ́gba. Omi tó gbóná lọ́tọ̀, omi tó ní oògùn nínú lọ́tọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí, kí ẹni tó ń fi kẹ́ẹ̀gì bu omi lọ sílé fetí sílẹ̀. Kòkòrò kan ń gbé nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti nínú ilẹ̀, ojú kò lè rí i, Naegleria fowleri ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó mu ún kò ní kú. Ṣùgbọ́n bó bá gba imú wọlé, ọpọlọ ló ń lọ, àwọn tó sì ti yè é lágbàáyé kò pọ̀ rárá. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Síbẹ̀, ní 1979, àwọn olùwádìí ní Zaria kọ ọ́ jáde pé àwọn rí àwọn àmíbà inú ilẹ̀ nínú imú àwọn ọmọdé lásìkò ọyẹ́ eléruku. Ní Karachi, nílẹ̀ Pakistan, àwọn ènìyàn ti kó kòkòrò yìí láti inú omi tí wọ́n fà símú nígbà àlùwàlá. Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn sí Ìkógòsì. Gbogbo omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láyé ni òfin yìí wà fún, àti omi kànga, àti omi tánkì orí òrùlé. Omi tí kò bá tíì ho lórí iná kò gbọdọ̀ wọ imú ọmọ.

OMI IYỌ̀

Ohun tó bọ́ sí apá ire nínú gbogbo oògùn òyìnbó yẹn, owó rẹ̀ kò tó ti ìkórè ata kan. Iyọ̀ àti omi ni. Ẹ gbé omi tó kún inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn 50cl, kaná, kí ó ho dáadáa fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ dé e, kó tutù títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí a fi ń wẹ ìkókó. Ẹ da iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, kó má lé téńté. Bí sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì bá wà, ṣíbí kan náà kò burú, kì í jẹ́ kí ó ta imú. Káún kọ́ o! Káún kì í ṣe sódà yẹn.

Fún ìkókó, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta ní ihò imú kọ̀ọ̀kan ti tó, kó tó mu ọmú. Ẹ fi nǹkan ìkán oògùn kán an. Ọmọ tó ti tó bí ọdún márùn-ún lè tẹrí ba sórí abọ́, kó ya ẹnu, kí ẹ wá fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tì í wọ imú kan jẹ́jẹ́. Omi náà á bá imú kejì tàbí ẹnu jáde. Kò gbọdọ̀ jẹ́ tipátipá. Ọmọ tó bá ń sunkún, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Èyí tó bá ṣẹ́kù lálẹ́, ẹ dà á nù, ẹ fọ síríńjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe idán, kì í sì í wo ẹran ẹ̀yìn imú tó ti wú jù, ṣùgbọ́n ó ń gbá ọ̀nà fún ọmọ láti sùn.

Bí omi iyọ̀ bá ń fọ̀ ọ́ tí èéfín ń bà á jẹ́, iṣẹ́ asán ni. Ìyá tó ń yan gààrí tó pọn ọmọ sẹ́yìn, èéfín igi tí òun ń fà ni ọmọ náà ń fà, ihò imú tọmọ sì kéré ju tirẹ̀ lọ. Kó gbé ọmọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Káfíńtà tó jẹ́ kí ọmọ sùn lórí ìyẹ̀fun pákó, ẹni tó ń fín ọ̀dà ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá tó ń fa sìgá ní yàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn: imú ọmọ ló ń gba gbogbo rẹ̀. Èéfín oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń tàn mọ́jú kò yọ sílẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì sàn jù ú lọ.

KÁPÚSÙ ALÁWỌ̀ MÉJÌ

Ikun aláwọ̀ ewé kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ gbọ́dọ̀ gba kápúsù. Ọ̀fìnkìn lásán náà ń yí àwọ̀ padà bó bá ń lọ. Kápúsù tí wọ́n tú sínú omi fún ọmọ lónìí, tí wọ́n dá dúró lọ́jọ́ kejì, ń kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń borí oògùn ni. Oògùn ìkánmú àgbàlagbà tó ń la imú kíá náà léwu fún ọmọ kékeré, ó sì ń dí imú padà ju tàtẹ̀yìnwá lọ béèyàn bá lò ó pẹ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló yẹ kí ìyá máa lépa. Ti èèyí ń bẹ ní oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti 2014 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní èyí tó ń dènà kòkòrò pnọ́múkọ́kọ́ọ̀sì, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì ń ba etí àti sáínọ́ọ̀sì náà jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ imú kan ṣoṣo ló ń dà, tó ń rùn, ìyá gbọ́dọ̀ fura: ọmọ ti ti nǹkan bọ imú, ẹ̀wà, ìlẹ̀kẹ̀, tàbí fóòmù bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìkó irun wá a. Bó bá sì jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ inú aago ni, ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí láàrin wákàtí díẹ̀ ló ti ń jó ẹran imú. Bí àyíká ojú bá wú, tó pọ́n, tí ẹ̀fọ́rí pẹ̀lú èébì bá dé, tí ọrùn bá le, tàbí tí ọmọ ń sùn tí kò ṣeé jí, kò sí dídúró de ilẹ̀ mọ́. Bákan náà ni bó bá ń mí kánkán. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún: àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, ẹ̀dọ̀fóró ló ti kàn.

Èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti lé ní ọjọ́ mẹ́wàá láìsí ìrọ̀rùn rárá, nọ́ọ̀sì ìlú lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó pé oṣù mẹ́ta, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kó rí i. Ìyá tó bá ń gbé ọmọ lọ, kí ó mú káàdì ìwọ̀n dání, kó jẹ́ kí ẹnìkan bá a kọ ọjọ́ tí imú náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà sẹ́yìn rẹ̀, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ọmọ ti lò, títí kan àgbo. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn.